Pátákó Ògúndélé: MO N BO WON

Ẹjọ́ kan rìn wọ ààfin Ọlọ́jà, ọba ìlú, lánàá, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó sì fi rìn. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Ẹjọ́ èèrà ni. Fẹ́yìsayọ̀, ìyá Olúsọjí, ni ó pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ògúndélé káfíńtà ni ọkọ ọ̀hún. Láti ojú ọ̀nà Ayégbajú títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, kò sí ilẹ̀kùn tó ń dún kíí tí kì í ṣe òun ni ó kàn án.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n fi ìgbẹ́jọ́ sí, ohun tó sì ń ba Ògúndélé lẹ́rù jù nìyẹn. Láti ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé ìlú náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin nìkan ni ó ti ń mú dáadáa, ìrọ̀lẹ́ Sátidé sì ni Faith, ọmọ Olúsọjí, máa ń pe bàbá àgbà rẹ̀ láti Èkó. Ohun tí ọmọ náà máa ń kọ́kọ́ béèrè kò yí padà rí: “Bàbá àgbà, ṣé èèrà mi ti jẹun?” Bí àwọn ìjòyè bá ní kí wọ́n pa èèrà náà, tí fóònù sì dún, kí ni yóò wí fún ọmọ ọlọ́mọ? Ó di fóònù náà mú nínú àpò bí ẹni di adìẹ mú.

Ọlọ́jà jókòó, ìjòyè Ẹjẹmu wà ní ọ̀tún rẹ̀, Ọ̀dọ̀fin tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ wà ní òsì.

“Ẹni tó pẹjọ́, ká gbọ́ ọ.”

Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí o. Ọkọ mi ti di abọ̀rìṣà.”

“Òrìṣà wo ló ń bọ?”

“Èèrà, Kábíyèsí.”

“Èèrà wo?”

“Èèrà tí í lá ṣúgà. Ó kó wọn sí unú dígí, ó gbé e sórí tábìlì ní yàrá wa, ó sọ ulé di ojúbọ. Èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà! Kí àwọn ìránṣẹ́ ààfin tẹ̀lé mi lọ nísinsìnyí, kí wọ́n da omi gbígbóná sí wọn lórí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo ti di ẹrù mi, ìlú Òsì ni mo ń lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọ̀dọ̀fin mi orí. “Ẹni tó ń jẹ́ Ògúndélé, kí ni ẹ retí?”

“Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀,” ni Ògúndélé fèsì. “Ṣọ́ọ̀ṣì sọ mí ní Jósẹ́fù.”

“Ẹnu ẹ dà?” ni Ọlọ́jà bi í. “Ṣé lóòótọ́ ni?”

“Irọ́ ni, Kábíyèsí. N kò bọ wọ́n. Mo ń bọ́ wọn ni.”

“Ó ti jẹ́wọ́!” ni Ọ̀dọ̀fin pariwo. “Ó ní òun ń bọ wọ́n!”

“Ó ní òun ń bọ́ wọn,” ni Ẹjẹmu pariwo sí i létí.

“Mo gbọ́! Ó ń bọ wọ́n!”

Ọlọ́jà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí Ògúndélé rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ̀rọ̀ sókè nítorí Ọ̀dọ̀fin.

“Kérésìmesì tó kọjá ni Olúsọjí kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá ulé. Faith hú òkúta kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ó bá èèrà dúdú wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá wọn wà láàárín wọn, ó sanra. Ọmọ náà ní òun fẹ́ kó wọn lọ Èkó. Ìyá rẹ̀ ní èèrà kan kò ní wọ ọkọ̀ òun. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún. N kò lè wo ẹkún ọmọ náà, Kábíyèsí. Mo gé dígí fèrèsé sí méjì, mo fi pákó há wọn, mo da yanrìn sáàárín, a kó wọn sí i. Ó ní kí n máa kán oyin fún wọn, kí n máa gé ẹran bín-ín-tín, kí n máa fi òwú tútù síbẹ̀ kí wọ́n rí omi mu. Ó ní kí n fi aṣọ dúdú bò wọ́n, torí wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn.”

“Ẹran!” ni Fẹ́yìsayọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ béèrè ẹran ta ni! Ẹran ọbẹ̀ mi ni. Bí mo bá gbé uyán kalẹ̀, kó tó gé òkèlè, ó ti gé ti èèrà.”

“Báwo lèyí tó ń gé fún wọn ṣe tóbi tó?” ni Ọlọ́jà bi í.

“Bí orí abẹ́rẹ́, Kábíyèsí.”

“Ìyá Olúsọjí, orí abẹ́rẹ́ lò ń bá ọkọ rẹ jà sí?”

“Kì í ṣe pé ó tóbi. Tiwọn ló ń kọ́kọ́ gé! Ẹ tún gbọ́ èyí. Gbogbo ayé ló ń ti ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bọ agolo omi kí èèrà má baà gùn ún. Ọkọ tèmi ti ẹsẹ̀ tábìlì wọn bọ agolo omi kí wọ́n má baà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ayé ń fi omi lé èèrà, tèmi ń fi omi ṣọ́ wọn!”

Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ògúndélé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo oòrùn tó ti fẹ́ bọ́ sẹ́yìn òkè.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Wálé ọlọ́kadà ni, tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan tiwọn.

“Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, Kábíyèsí. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó fi iwájú orí kan dígí. Ó tan àbẹ́là.”

“Tọ́ọ̀ṣì ni!” ni Ògúndélé ké.

“Ó lè jẹ́ tọ́ọ̀ṣì.”

“Wálé, o kò mọ àbẹ́là yàtọ̀ sí tọ́ọ̀ṣì?”

“Ojú fèrèsé ni mo wà, Kábíyèsí.”

“Kí lò ń wá lójú fèrèsé ẹlòmíràn?”

“Mo wá yá òòlù.”

“Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń yá òòlù ní ulé yín?”

Wálé họ orí.

“Ó dára. Kí ló ń sọ fún wọn?”

“Ó ní, ‘Ẹ jẹun o. Ẹ dákun, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́ o.’ Báyìí gẹ́lẹ́ ló wí.”

“Kí ni ìwọ wá ṣe nígbà tí o gbọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ní kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n.”

“Bẹ àwọn wo?”

“Àwọn èèrà, Kábíyèsí. Nítorí ọ̀kadà mi. Ó ti kọ̀ láti stáàtì látàárọ̀.”

“Ó wá stáàtì?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹsẹ̀ ta á, Kábíyèsí, ó bú ramúramù.”

“Ẹ ò rí i!” ni Fẹ́yìsayọ̀ pàtẹ́wọ́.

“Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni mo bá a nù!” ni Ògúndélé ń pariwo. “Mo nù ún kó tó ta á!”

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ti púlọ́ọ̀gì. Ẹjẹmu tẹ̀ sẹ́yìn Ọlọ́jà, ó fẹnu sí Ọ̀dọ̀fin létí: “Orúnkún tó ń dùn mí yìí… ulé Ògúndélé kò jìnnà síbí, àbí?”

Ọlọ́jà wú ikọ́. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó ọ̀hún jáde.

Pátákó yìí ni ó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan ni Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọ̀tapiapia wọ yàrá, ó kù díẹ̀ kí ó fọ́n ọn sí èèrà. Ògúndélé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá fi lẹ́ẹ̀dì káfíńtà kọ ọ̀rọ̀ sára pákó kan, ó kàn án mọ́ ògiri lókè dígí. Nígbà tí ẹgbẹ́ aládùúrà wá ṣe ìpàdé nínú ilé wọn, ẹnìkan wọlé lọ mú àga, ó ka pákó náà, ó ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Ìpàdé tú. Ààrẹ ẹgbẹ́ fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kò sì padà wá mú un títí di òní.

Ìránṣẹ́ gbé pákó náà dúró. Gbogbo ènìyàn rí i:

MA FI OWO KAN WON. MO N BO WON.

“Ẹjẹmu, kà á.”

Ẹjẹmu wò ó pẹ́. “Mo ń bó wọn. Kábíyèsí, ó ń bó wọn bí ẹni ń bó ẹ̀pà! Ìkà ni ọkùnrin yìí.”

“Ọ̀dọ̀fin, ìwọ ńkọ́?”

“Mo ń bò wọ́n. Ṣebí ó ní òun fi aṣọ bò wọ́n? Kí ló wá kù?”

“Mo ń bọ wọ́n ni!” ni Fẹ́yìsayọ̀ sọ. “Gbogbo ẹgbẹ́ aládùúrà ló kà á bẹ́ẹ̀.”

Ọlọ́jà ní kí wọ́n pe Tíṣà Adéwùnmí wá, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní èdè Yorùbá. Tíṣà dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó wo pátákó, ó sì tún ẹwù rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó ti ń retí ọjọ́ yìí láti ọdún pípẹ́.

“Kábíyèsí, kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ bó. Ó lè jẹ́ bò. Ó lè jẹ́ bọ, kó jẹ́ bọ́, kó jẹ́ bọ̀ bí ẹni ń ki nǹkan bọ àpò.”

“Èwo ló tọ̀nà níbẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, Kábíyèsí.”

“Ṣé ọkùnrin kan náà lè máa bó wọn, kó máa bò wọ́n, kó tún máa kì wọ́n bọ àpò?”

“Nínú gírámà, ó ṣeé ṣe, Kábíyèsí.”

“Tíṣà, ta ló kọ́ Ògúndélé níwèé?”

“A kò tíì bí mi nígbà náà, Kábíyèsí.”

“Bàbá Tíṣà ló kọ́ mi,” ni Ògúndélé dáhùn. “A kò tíì dé orí àmì tí mo fi lọ kọ́ uṣẹ́ káfíńtà.”

Tíṣà wo ilẹ̀.

“Ògúndélé,” ni Ọlọ́jà wí, “pátákó ti sú mi. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Kí lò ń fi èèrà yìí ṣe gan-an?”

Inú Ògúndélé dùn. Ó rò pé ọ̀nà ti là.

“Mo ń sìn wọ́n ni, Kábíyèsí.”

Ààfin dàrú.

“Ó ní òun ń sìn wọ́n!” Ọ̀dọ̀fin gbọ́ èyí ketekete. “Ìsìn ni! Ẹ̀rí wo la tún ń wá?”

“Bí ènìyàn ṣe ń sin adìẹ ni mo wí! Ohun ọ̀sìn! Ọ̀dọ̀fin, ṣé ẹ̀yin náà kì í sin ewúrẹ́ ni?”

“Èmi? Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni mí!”

“Ewúrẹ́ mélòó ló wà ní àgbàlá yín?”

“Mo ń sìn wọ́n láti jẹ wọ́n ni, kì í ṣe láti kúnlẹ̀ fún wọn!”

“Tíṣà!” ni Ọlọ́jà kígbe. “Sìn ti adìẹ àti sìn ti Ọlọ́run, àmì wo ló yà wọ́n?”

“Àmì kan náà ni, Kábíyèsí.”

“Jókòó.”

Ọlọ́jà tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká fi gírámà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ nǹkan, ó ní ohun tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúndélé, ṣé o ti tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ èèrà yìí rí?”

Bí ó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, “rárá” kan ṣoṣo ni ó kù. Ṣùgbọ́n Ògúndélé kò mọ irọ́ pa níwájú Ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ jù nínú rẹ̀.

“Mo tọrọ, Kábíyèsí.”

Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Ọlọ́jà kò wò ó.

“Kí lo tọrọ?”

“Mo ní kí wọ́n má kú. Kábíyèsí, kó tó di pé èèrà yìí wà, bí Olúsọjí bá gbé fóònù fún Faith kó kí mi, á ní ‘Ẹ káalẹ́ sà,’ á ju fóònù sílẹ̀, á sá lọ wo tẹlifíṣọ̀n. N kò mọ ohùn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nísinsìnyí òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí. Ó ń bi mí bóyá ìyá wọn ti yé ẹyin. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi létí. Bí wọ́n bá kú, kí ló kù tí yóò máa bá mi sọ? Ọmọ náà ni mo fẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà débi pé mo bẹ èèrà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wálé pàápàá fi ọwọ́ nu imú. Ìgbà yẹn ni Fẹ́yìsayọ̀ dìde lórí orúnkún rẹ̀, tí ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Bàbá Olúsọjí! Ó ń pè yín. Ó ń rẹ́rìn-ín sí yín. Èmi ńkọ́? Ta ló lọ Èkó lọ pọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bí i? Ta ló ń jí wẹ̀ fún un títí ó fi mọ̀ ọ́n jókòó? Bí fóònù bá dún, á béèrè èèrà, á béèrè ìyá èèrà, á béèrè ẹyin èèrà. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kò béèrè mi rí. Ẹ ó gbọ́ tán, ẹ ó gé e, ẹ ó fi fóònù sápò, ẹ ó wọlé wá sọ fún mi pé èèrà ló béèrè!”

“Háà,” ni Ọlọ́jà wí. “Ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ààfin nìyí. Látẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀bá rẹ̀ la ti ń rìn.”

Ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lu orúnkún.

“Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì, mo sì ti gbọ́ ti Wálé tí kò yẹ kí n gbọ́. Èèrà kò jẹ̀bi. Èèrà kò kọ pátákó, wọn kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, wọn kò sì yọjú wo fèrèsé ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi gbígbóná sí wọn.”

Ògúndélé mí kanlẹ̀.

“Má tíì mí. Ìwọ lo jẹ̀bi. N kò sọ pé o ń bọ wọ́n, n kò sì sọ pé o kò bọ wọ́n. Ohùn ọmọ náà lo dá jẹ. Èèrà rí ẹran bí orí abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ìyàwó rẹ kò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà nínú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, láti òní lọ, Fẹ́yìsayọ̀ ni yóò máa bọ́ èèrà.”

“Èmi kẹ̀, Kábíyèsí? Èmi tí mo pẹjọ́?”

“Ìwọ tí o pẹjọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà, ìwọ aládùúrà lo lè mú wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá jẹ́ èèrà, ìwọ lo ni ṣúgà.”

“Kábíyèsí o!” ni àwọn ìjòyè wí.

“Ẹni tó ń bọ́ wọn ni yóò sì máa gbé fóònù. A kì í bi ẹni tí kò sí nídìí ààrò bóyá oúnjẹ ti jinná. Ògúndélé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi bí ọmọ náà bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè rẹ̀. Ní ti Tíṣà, yóò máa lọ sí ulé Ògúndélé lọ kọ́ ọ ní àmì, kó parí uṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kò parí.”

“Kábíyèsí,” ni Ògúndélé bẹ̀rẹ̀, omi sì ti lé sí i lójú, “bí kò bá wá béèrè mi ńkọ́?”

Fóònù dún.

Ó dún nínú àpò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ó wo Ọlọ́jà, Ọlọ́jà ń wo àjà. Ó yọ ọ́, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ gbà á, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sétí. Tíṣà bá a yí i.

“Bàbá àgbà, ṣé èèrà mi ti jẹun?” Ohùn ọmọ náà hàn dé ọ̀dọ̀ Ọ̀dọ̀fin.

“Èmi ni. Ìyá àgbà ẹ ni.”

“Ẹ káalẹ́, mà. Ṣé wọ́n ti jẹun?”

Fẹ́yìsayọ̀ wo àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń dúró de ìdáhùn rẹ̀.

“Wọ́n ti jẹun, ọmọ mi. Wọ́n yó.”

“Kí ni wọ́n jẹ?”

“Ẹran. Ti ìyá wọn ni mo kọ́kọ́ gé.”

Ẹ̀rín ta láti Èkó, ó bọ́ sí i létí. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó dìde, ó gbé fóònù lọ sórí àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ààfin. Wọ́n ń gbọ́ ọ: òwú wọn tutù, bẹ́ẹ̀ ni, ó fi aṣọ bò wọ́n. Omi gbígbóná kẹ̀, bí ìyá ọmọ náà ti máa ń dà sí èèrà ní Èkó? Ta ló jẹ́ da omi gbígbóná sí wọn? Kí onítọ̀hún wá, kí òun pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà!

Ògúndélé rọra sún mọ́ ọn. “Sọ fún un pé mo rí ẹyin funfun méjì lánàá…”

Fẹ́yìsayọ̀ fi ọwọ́ lé e bí ẹni lé eṣinṣin. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún ọmọ náà, ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá gé e. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó so fóònù mọ́ ọn ṣinṣin.

“Ìyá Olúsọjí,” ni ọkọ rẹ̀ wí, “ṣé ó béèrè mi?”

“Èèrà ló béèrè.”